Ewéko inú táǹkì ẹja mi ń jẹrà: ṣé kí n hú gbogbo rẹ̀ dànù?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ọba-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́. Wọ́n kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin ló to táǹkì ẹja onígíláàsì kan sí pálọ̀ wa kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, goldfish mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó ra ewéko oríṣi mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi láti Èkó, mo sì gbìn wọ́n sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò, òmíràn ń lu ihò, òmíràn ń yọ́, omi náà sì ti ń rùn díẹ̀. Iná búlúù tó bá táǹkì wá ni mò ń tàn sí i. Mo tún ń fi ṣíbí iyọ̀ kan sí i nígbàkigbà tí mo bá pààrọ̀ omi, torí ẹni tó ta ẹja fún wa ní iyọ̀ ń dènà àìsàn. Aládùúgbò mi ní omi bóòhóòlù wa ló ń pa wọ́n. Àbúrò mi ní kí n bu NPK díẹ̀ sí i, lára èyí tó ṣẹ́kù nígbà tá a gbin àgbàdo. Ṣé kí n dán an wò, àbí kí n kúkú hú gbogbo rẹ̀ dànù, kí n ra ewé oníke? Fọ́tò rẹ̀ nìyí.”

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu NPK sínú omi yẹn. Ẹ má dán an wò rárá, ì báà ṣe ìwọ̀nba orí ìka. Náítírójìn tó wà nínú ajílẹ̀ oko, yálà 15-15-15 ni tàbí òmíràn, yúríà àti amóníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá wọ inú omi táǹkì, amóníà ló máa ń dà, amóníà sì yára pa ẹja. Á jó wọn nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí wọ́n fi ń mí, ẹ ó sì rí i tí wọ́n ń gbé ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lóko, ilẹ̀ pọ̀ tó máa gba ajílẹ̀, òjò á sì tún fọ díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Táǹkì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì, bó bá fẹ̀ tó sì ga ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi lítà 55 ló ń gbà, ohun tẹ́ ẹ bá sì bù sí i, ibẹ̀ ló máa wà. Ohun mìíràn tún ni pé amóníà yìí kan náà ni goldfish ń tú jáde lára wọn lójoojúmọ́, tí ewéko inú omi sì ń jẹ. Ẹja mẹ́ta tẹ́ ẹ ní ti pèsè náítírójìn ju ohun tí ewéko tí kò tíì fìdí múlẹ̀ lè jẹ tán lọ. Ebi náítírójìn kọ́ ló ń pa ewéko yín.

Ohun tó ń bà yín lọ́kàn jẹ́, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ẹ ń tọ́jú ewéko, ó sì ń kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ewé kú yàtọ̀ sí kí ewéko kú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Púpọ̀ nínú ewéko tí wọ́n ń tà fún táǹkì ni kò dàgbà sínú omi. Àwọn tó ń tọ́ wọn fún títà a máa gbìn wọ́n síbi tí ìdí wọn ti ń mumi, tí ewé wọn sì wà lókè nínú afẹ́fẹ́ tútù, torí wọ́n máa ń tètè dàgbà bẹ́ẹ̀, ìṣáwùrú àti ìdọ̀tí kì í sì í bá wọn tò. Ewé tó bá hù nínú afẹ́fẹ́ máa ń nípọn, ó máa ń ní ìda fẹ́lẹ́ lára tí kì í jẹ́ kó gbẹ, inú afẹ́fẹ́ ló sì ti mọ̀ ọ́n mí. Nígbà tẹ́ ẹ bá rì í sínú omi, kò ní rí èémí tó tó mọ́. Ewéko á bẹ̀rẹ̀ sí í fa oúnjẹ inú ewé bẹ́ẹ̀ padà sí ìdí rẹ̀, á jẹ́ kí ewé náà di yẹ́lò kó sì jẹrà, á wá fi oúnjẹ tó kó padà hu ewé mìíràn tó fẹ́lẹ́, tó rọ̀, tó lè gbé inú omi. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni èyí sábà máa ń gbà, láàárín ìgbà náà ojú rẹ̀ kì í ṣeé wò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti tán, á hú u dànù nígbà tí èéhù tuntun ti ń yọrí lábẹ́.

Nínú fọ́tò yín, ewéko kúkúrú aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà níwájú ni wọ́n ń pè ní Cryptocoryne, òun gan-an ló mọ ìṣe yìí jù. Kódà bó jẹ́ inú omi ni wọ́n ti mú un wá, tí omi, iná tàbí àyè rẹ̀ bá ṣáà ti yí padà, ó lè yọ́ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó ku kùkùté. Ẹ má hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wà láàyè lábẹ́ òkúta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ewé kankan lórí rẹ̀. Àwọn tó ń fà á jáde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti wo bí gbòǹgbò ṣe wà ni wọn kì í jẹ́ kó hù, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i nípò ló tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó tóbi láàárín, tí ewé rẹ̀ gùn tó sì fẹ̀, Amazon sword ni. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, níbi tí gbogbo ewé ti pàdé. Bí ewé kékeré bá ń yọ níbẹ̀, tí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń kú, ara rẹ̀ ń yá. Bó bá jẹ́ àárín yẹn ló dúdú tó sì rọ̀, a ti pẹ́ jù. Vallisneria ni koríko gígùn tó wà lẹ́yìn, òun náà máa ń bọ́ ewé àtijọ́ sílẹ̀ kó tó ta ọmọ káàkiri.

Ẹ̀kẹrin wọn ni ọkàn mi kò balẹ̀ nípa rẹ̀. Ó wà ní igun ọ̀tún, ewé rẹ̀ le, ó sì ń dán. Anubias ni. Ó ní ìdí kan tó nà gbọọrọ bí atalẹ̀: ewé ń tòkè rẹ̀ jáde, gbòǹgbò ń tìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, ìdí náà kò sì gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ òkúta. Bẹ́ ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà, ewé rẹ̀ á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìtíì pọ́n pàápàá. Ewé nìkan ni mo rí nínú fọ́tò, ìyẹn ni pé ìdí náà ti wọlẹ̀. Ẹ rọra fà á jáde lónìí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìpẹ̀kun. Ibi tó bá le, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ sì mọ́, ó wà láàyè. Ibi tó bá rọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń rùn, ó ti kú, rírà rẹ̀ yóò sì máa rìn lọ bá ibi tó kù bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú dáadáa, kẹ́ ẹ máa gé e lọ títí ẹ ó fi kan ibi tí inú rẹ̀ mọ́, tí kò sí àmì dúdú kankan láàárín. Kódà bó bá ku ìwọ̀n oríkèé ìka kan tó ní ewé méjì lórí, yóò hù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú dúdú so ó mọ́ òkúta kan tó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé òkúta náà kalẹ̀ sínú omi. Súpà gúlúù náà dára bẹ́ ẹ bá kán an díẹ̀ sí gbòǹgbò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí bó bá ti gbẹ, kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ewéko òkè òkun ni Anubias, ṣùgbọ́n tiwa ni. Etí odò inú igbó láti Cross River títí wọ Kamẹrúùnù ló ti ń hù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, Anubias barteri, Charles Barter ni wọ́n fi sọrí, onímọ̀ ewéko tó bá àwọn tó rin ìrìnàjò odò Ọya wá ní 1857, tó sì kú sí Rabba ní 1859.

Iyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń fi sí omi ńkọ́? Mo fura sí i gan-an. Ẹni tó ta ẹja fún yín kò parọ́: iyọ̀ wúlò fún ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, nínú báàfù ọ̀tọ̀, fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló máa ń fà gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi, ìdá mẹ́ta iyọ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣíbí tuntun á tún gun orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ga sí i lóṣooṣù. Goldfish lè fara dà á fún ìgbà pípẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí àmì kankan lára wọn. Ewéko kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ máa ń fa omi ara ewé jáde, àwọn tí ewé wọn rọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Láti òní lọ, ẹ má fi iyọ̀ sí táǹkì tó ní ewéko mọ́. Bí ẹja kan bá ṣàìsàn, ẹ gbé e sí báàfù, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa oògùn ẹja, pàápàá èyí tó bá ní kọ́pà nínú. Ó lè wo ẹja sàn kó sì pa ewéko.

Iná búlúù yẹn, ẹwà ló wà fún. Ó ń mú kí ẹja dùn ún wò lálẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú irú iná bẹ́ẹ̀ kéré jù fún ewéko láti fi se oúnjẹ ara rẹ̀. Ewéko tí kò rí iná tó kì í kú lọ́jọ́ kan. Yóò máa ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa já, títí kò fi ní agbára mọ́. Bọ́ọ̀bù LED funfun ló yẹ ẹ́, irú èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára páálí rẹ̀, ẹ sì máa rí i rà lọ́wọ́ àwọn oníná ní Ọjà Ọba. Kò di dandan kẹ́ ẹ ra iná olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún táǹkì. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́ ti tó. Mo mọ̀ pé ẹ óò béèrè ti iná ọba. Ewéko kò bìkítà bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Bó bá jẹ́ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ sábà máa ń ríná, ẹ tàn án láti aago mẹ́fà sí ọ̀gànjọ́. Ohun tó ń pa á lára ni kí ó rí wákàtí méjì lónìí, kí ó má rí rárá lọ́la, kí ó wá rí wákàtí mẹ́rìnlá lọ́túnla. Bẹ́ ẹ bá ní ìnfátà tàbí sólà, ẹ so bọ́ọ̀bù yẹn mọ́ ọn, kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ má tìtorí àìríná gbé táǹkì sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé tààrà. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, omi kékeré bẹ́ẹ̀ á gbóná kọjá ààlà lọ́sàn-án, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tó máa ń mú ara táǹkì omi níta, á sì bo gbogbo ewé mọ́lẹ̀.

Ní ti bóòhóòlù, èmi kò ní dá a lẹ́bi. Omi bóòhóòlù kò ní kílórínì tí wọ́n ń fi sí omi ẹ̀rọ, omi tó bá sì ń bá ẹja yín lára mu kì í sábà ṣòro fún irú ewéko mẹ́rin yìí. Ẹ wo inú kẹ́tù tẹ́ ẹ fi ń se omi tíì. Bí kò bá sí èépá funfun tó le nídìí rẹ̀, omi yín kò le, ìyẹn ni pé èròjà òkúta kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà máa pọn ọ́n sílẹ̀ sínú bákẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó dà á sí táǹkì, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Ihò tẹ́ ẹ rí lára ewé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, torí ewéko inú omi náà lè pebi oúnjẹ kan nígbà tí òmíràn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá ewé àtijọ́ ló ń ṣe é tàbí ewé tuntun. Oúnjẹ kan wà tí ewéko lè yọ kúrò lára ewé àgbà fún ewé ọmọ, irú wọn ni náítírójìn, potasíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù. Bí wọ́n bá wọ́n, ewé àtijọ́ ló máa ń jìyà. Èròjà irin kì í ṣeé yọ bẹ́ẹ̀, torí náà bí kò bá sí i, ewé tuntun ló máa funfun tàbí di yẹ́lò, tí iṣan rẹ̀ á ṣì ní àwọ̀ ewé. Ihò wínníwínní lára ewé àtijọ́, tí etí ihò kọ̀ọ̀kan ní òrùka yẹ́lò, potasíọ̀mù ló sábà máa ń fà á. Nínú táǹkì tí goldfish wà, òun àti irin ni mo sábà máa ń rí pé ó wọ́n. Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ṣe fún ewéko inú táǹkì, tí kò ní náítírójìn nínú, lè dí àlàfo yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Ewéko tí kò ní ewé tuntun kò lè jẹ ẹ́, ohun aláwọ̀ ewé yíyọ̀ yẹn ló máa jẹ ẹ́ gbé. Ẹ dúró di ìgbà tí ewé tuntun méjì tàbí mẹ́ta bá yọ, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ihò náà dáadáa, torí ó lè jẹ́ pé ẹja ló jẹ ẹ́. Ewé tí ẹja bù jẹ kì í ní òrùka yẹ́lò, etí rẹ̀ á já págapàga, ibi tó kù á sì tutù. Goldfish fẹ́ràn ewéko rírọ̀, wọ́n sì máa ń fi ẹnu wú òkúta wẹ́wẹ́ káàkiri títí gbòǹgbò á fi yọ síta. Ibí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín, Màmá. Goldfish àti ewéko ẹlẹgẹ́ kì í gbé pọ̀ pẹ́. Ẹja mẹ́ta yẹn pàápàá, bí wọ́n bá dàgbà, táǹkì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì yóò há mọ́ wọn, ìdọ̀tí wọn á sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ títí ọmọ yín á fi dé, kẹ́ ẹ wá jọ pinnu bóyá ẹ máa ra táǹkì tó tóbi ni tàbí ẹ máa fi ẹja kéékèèké bíi guppy rọ́pò wọn. Bó bá jẹ́ goldfish lẹ fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí Anubias jẹ́ ọba inú táǹkì yín. Ewé rẹ̀ le, wọn kì í sábà fọwọ́ kàn án, iná díẹ̀ sì ti tó o. Ewé oníke kì í ṣe ìtìjú rárá. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò kó má ní ṣóńṣó tó lè ya lẹ́bẹ́ ẹja, kẹ́ ẹ sì rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Ohun tí kò lè ṣe ni kó jẹ ìdọ̀tí ẹja, torí náà omi pípààrọ̀ yín gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Ohun tó kàn báyìí ni òórùn yẹn, kò sì yẹ kó di ọ̀la. Ewé tó ń rà ń tú amóníà jáde, ó sì ń jẹ afẹ́fẹ́ tí ẹja fẹ́ mí. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ewé tó bá ti yọ́ tàbí tó di yẹ́lò tán, kẹ́ ẹ gé e nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ má fà á tu. Ewé tó ṣì ní àwọ̀ ewé ju ìdajì lọ, ẹ fi í sílẹ̀, oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀ fún ìdí. Ẹ fi rọ́bà fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi jáde láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa na ẹnu rọ́bà náà sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ kó lè fa ìdọ̀tí tó sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi tí kò níyọ̀ dí i. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ á máa dínkù díẹ̀díẹ̀ láìya ẹja lẹ́nu. Fóòmù inú fílítà, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé. Inú omi tẹ́ ẹ fà jáde yẹn ni kẹ́ ẹ ti fún un, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ẹja ló ń gbé inú rẹ̀. Bí iná ọba bá máa ń pẹ́ kó tó dé, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kékeré kan máa gbà yín. Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn. Láti inú fọ́tò, èmi kò lè mọ ìwọ̀n amóníà tàbí iyọ̀ tó wà nínú omi yín. Bí ẹja bá ń gbé ẹnu sókè láàárọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ẹ wá ẹni tó máa yẹ omi náà wò. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja àti ọ̀sìn ẹja wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí yín.

Bí ẹ bá fẹ́ tún ewéko mìíràn rà, ẹ béèrè fún hornwort, tí kì í fẹ́ gbòǹgbò rárá, tàbí ojú oró, tí àwọn àgbà ní í lékè omi. Méjèèjì ń hù nílẹ̀ wa, wọ́n sì ń jẹ ìdọ̀tí ẹja dáadáa. Goldfish á jẹ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè hù padà. Ẹ má jẹ́ kí ojú oró bo ju ìdajì ojú omi lọ, kí iná lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin ẹja ni kẹ́ ẹ ti gbà wọ́n, kì í ṣe etí odò Àlà tàbí odò mìíràn, torí ìṣáwùrú kéékèèké tó máa ń fara mọ́ ewéko odò lè gbé àtọ̀sí ajá wá. Èyí tí ẹ bá sì gé jù, ẹ má dà á sí odò tàbí gọ́tà. Water hyacinth, ewéko omi tó ti òkè òkun wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ wa ní Àgbádárìgì ní 1984, ló ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà ní Ìlàjẹ títí di òní. Ẹ wa ilẹ̀ bò ó, tàbí kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ. Omi tẹ́ ẹ bá ń fà jáde dára fún ewúro àti ẹ̀fọ́ tẹ́tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín, àmọ́ ti oṣù àkọ́kọ́ yìí ṣì níyọ̀ nínú, ẹ dà á síbi tí ẹ kò gbin nǹkan kan sí.